Mo Sanwó Kí Ojú Mi Má Baà Burú Ju Báyìí Lọ

Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní cross-linking, tí wọ́n ṣe sí ojú òsì mi nítorí àìsàn ojú kan tó ń jẹ́ keratoconus, kò jẹ́ kí n máa ríran ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ṣì ń wọ gíláàsì, iná mọ́tò ṣì ń fọ́n káàkiri lójú mi lálẹ́, mo sì ṣì máa ń gbé ìwé sún mọ́ ojú kí n tó kà á. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni dókítà ti sọ fún mi kó tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo sanwó fún ni pé kí ojú náà dúró síbi tó dé, kó má ṣe yẹ̀ sẹ́yìn mọ́. Ó sì ti dúró.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí ní kíkún, torí pé ìgbà tí ojú ṣì ń ríran ni ìtọ́jú tí mò ń wí yìí wúlò jù, ìgbà yẹn gan-an sì ni ará ilé, ọ̀rẹ́, àti aláìsàn fúnra rẹ̀ kì í rí ìdí tó fi yẹ kí wọ́n ná irú owó bẹ́ẹ̀. Ojú ọ̀tún mi pẹ́ jù. Ojú òsì bọ́ sákòókò. Orí kan náà ni àwọn méjèèjì wà, mo sì ń fi wọ́n wo ayé lójoojúmọ́, mo mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn.

Iṣẹ́ ìwé kíkà ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, ládùúgbò tí àwọn ilé ìtẹ̀wé ti fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ títì dé òpin rẹ̀. Bí wọ́n bá ti to ìwé tán lórí kọ̀ǹpútà, èmi ni mo máa ń kà á kí wọ́n tó gbé e lọ sórí ẹ̀rọ: ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ìwé àdúrà, ìwé ètò ìsìnkú, káàdì ìgbéyàwó. Ẹni tó bá ń ka Yorùbá fún ìtẹ̀wé mọ̀ pé orí àmì niṣẹ́ náà dúró lé. Ibẹ̀ ni ojú mi ti kọ́kọ́ tú ara rẹ̀ fó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹ tó ní àmì méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan dúdú, èkejì bàìbàì, tó yẹ̀ sí apá kan. Tó bá di ọ̀sán tó ti rẹ̀ mí, wọ́n á di mẹ́ta. Mo máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan wò. Tí mo bá bo ọ̀tún, àmì náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan, òjìji tẹ́ẹ́rẹ́ kan á kàn lẹ̀ mọ́ ọn. Tí mo bá bo òsì, mẹ́ta náà ni màá rí, wọ́n á tò léra wọn sísàlẹ̀. Ohun tó yẹ kó ti ta ẹnikẹ́ni tó ń yẹ ojú wò lólobó nìyẹn: ojú kan ṣoṣo ló ń rí nǹkan kan ní mẹ́ta. Ká ní ojú méjèèjì ni kò wo ibì kan náà ni, bí mo bá ti bo ọ̀kan, èyí tó lé ì bá ti pòórá.

Alẹ́ ló burú jù. Tí dánfó bá gbé wa gun Third Mainland Bridge lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú, iná pupa ẹ̀yìn àwọn mọ́tò tó wà níwájú á yọ ìrù, á gùn wálẹ̀ dé ojú ọ̀dà. Ní Ojúẹlẹ́gba, ohùn kọ̀ndọ́tọ̀ ni mo fi ń mọ ibi tí mọ́tò ń lọ. Gíláàsì ni wọ́n sì ń pààrọ̀ fún mi. Ọ̀kan ò tíì pẹ́ lójú mi tí nọ́ńbà rẹ̀ á ti yí padà, tí wọ́n á tún ṣe òmíràn. Wọ́n ní astigmatism ni, ìyẹn ni pé iwájú ẹyinjú mi kò rí rọ́bọ́tọ́ dọ́gba. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa, astigmatism ni lóòótọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó ń mú un pọ̀ sí i lójú ẹni tó ti kọjá ogún ọdún. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù kankan. Mo kàn gbà gbọ́ gidigidi pé ọ̀dọ́ tí nọ́ńbà gíláàsì rẹ̀ ń yí padà ṣáá, pàápàá tó bá jẹ́ ojú kan ló ń yára ju èkejì lọ, kò yẹ kí wọ́n ta gíláàsì míì fún un láìjẹ́ pé wọ́n ti ya àwòrán kọ́níà rẹ̀.

Kọ́níà ni awọ mímọ́ gaara tó bo iwájú ẹyinjú, èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Bó ṣe ṣe rọ́bọ́tọ́ tó sì dọ́gba ló ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pàdé síbi kan náà. Nínípọn rẹ̀ láàárín kò ju nǹkan bí ìdajì mílímítà lọ. Maikrómítà ni àwọn dókítà fi ń wọ̀n ọ́n, nǹkan bí 540 ni lójú ẹni tára rẹ̀ dá. Tí keratoconus bá mú un, á bẹ̀rẹ̀ sí í tín, á máa rọ̀, ipá tó wà nínú ẹyinjú á sì máa tì í síta títí á fi yọ ṣóńṣó. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ibi tó ti yọ ṣóńṣó wọlé kò lè pàdé síbi kan mọ́. Kì í sábà fọ́ni lójú pátápátá, kì í dunni, ojú kì í pọ́n tìtorí rẹ̀. Ẹni tó bá wo ojú mi lójúkojú kò ní rí nǹkan kan. Ìgbà ọ̀dọ́ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, á máa burú sí i títí èèyàn á fi tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogójì, lẹ́yìn náà á sábà rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Àmọ́ ibi tó bá ti gbé ojú dé kó tó rọlẹ̀, ibẹ̀ ló máa fi í sílẹ̀ sí. Àìsàn náà kì í ṣe tuntun: dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, John Nottingham, ti kọ odindi ìwé nípa rẹ̀ lọ́dún 1854. Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, kò sóhun tí wọ́n lè ṣe láti dá a dúró. Wọ́n á máa wá lẹ́ǹsì tó máa bá ojú náà mu, wọ́n á máa wò ó bó ṣe ń lọ.

Wọn kì í tọ́ka sí ohun kan ṣoṣo pé òun ló ń fà á. Ó máa ń rìn nínú ìdílé nígbà míì. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn tó ní Down syndrome, ipò kan tí wọ́n máa ń bí mọ́ èèyàn. Ó sì wọ́pọ̀ gan-an lára àwọn tí ojú ń yún nítorí ẹ́lájì, tí wọ́n sì máa ń fọwọ́ ra á kíkankíkan. Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró lé, torí pé ilé wa ni.

Nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ojú yíyún kì í ṣe àìsàn. Ìwà ọmọdé ni wọ́n kà á sí. Tí ọyẹ́ bá ti dé, tí eruku bo gbogbo nǹkan, tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ilé kejì sì ń gba ojú fèrèsé wọlé, ojú àwa ọmọ á pọ́n, funfun rẹ̀ á dọ̀tí, ipin rẹ̀ á máa yọ́ gùn bí a bá fà á. Wọ́n á ní Àpólò ni. Kì í ṣe Àpólò. Àpólò máa ń ràn láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíì, ó sì máa ń lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Tiwa kì í ràn, kì í sì í lọ, ó kàn máa ń dẹwọ́ ni, á tún padà dé. Àwọn àgbà á lé tìróò sí wa lójú kó lè tù wá, òjé sì wà nínú ọ̀pọ̀ tìróò tí wọ́n ń tà lọ́jà. Tí ìyẹn ò bá tù ú, a gba kẹ́mísì lọ. Oògùn ojú tí wọ́n sábà máa ń gbé fúnni níbẹ̀ máa ń pa yíyún náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí sítẹ́rọ́ọ̀dù, oògùn líle tó ń mú kí wíwú àti pípọ́n lọ sílẹ̀, ló wà nínú rẹ̀. Ìyá tó bá sì rí i pé ọmọ òun sùn dáadáa lóru ọjọ́ kan, á tún padà lọ rà á. Tí wọ́n bá ń kán an lọ bẹ́ẹ̀ fún oṣù àti ọdún láìsí dókítà tó ń wọn ipá inú ojú, ó lè fa gùlókómà, àìsàn tó máa ń ba iṣan ìríran jẹ́, ó sì lè fa kátárákì, èyí tó ń mú kí inú ojú funfun. Àwọn oògùn ẹ́lájì míì wà tí èèyàn lè lò fún ìgbà pípẹ́, dókítà ojú ló sì mọ èyí tó yẹ ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo bí ọmọ yín ṣe ń fọwọ́ ra ojú. Àwọn kan á fi ìka rọra nu ún, wọ́n á gbé ọwọ́ kúrò. Àbúrò mi ọkùnrin kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kókó ọwọ́ ló fi ń rì í mọ́lẹ̀, á máa yí i po, á tẹ̀ ẹ́ títí ẹ ó fi gbọ́ ìró omi tó ń rin nínú rẹ̀, adùn á sì hàn lójú rẹ̀ kó tó gbé ọwọ́ kúrò. Bí èmi náà ṣe ń ṣe é nìyẹn nígbà tí mo wà ní kékeré. Apá ọ̀tún ni mo máa ń fi sùn, ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń ra ojú, ojú ọ̀tún ló sì burú jù. Dókítà kò sọ pé ohun tó fà á nìyẹn. Ó gbọ́ ọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí n má fọwọ́ kan ojú kankan mọ́ láyé mi.

Obìnrin ni dókítà náà, ní ọsibítù ojú aládàáni kan ní Mainland. Ó ní kí n gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan, kí n tẹ iwájú orí mọ́ ọn, kí n máa wo iná tó wà láàárín, kí n má ṣẹ́jú. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí àwòrán kọ́níà mi fi jáde lórí kọ̀ǹpútà, ó láwọ̀ oríṣiríṣi: búlúù àti àwọ̀ ewé níbi tó tẹ́, ìyeyè níbi tó ti ń ga, pupa níbi tó yọ síta. Ojú òsì ní àmì pupa kékeré kan nísàlẹ̀ àárín. Ojú ọ̀tún, pupa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdajì ìsàlẹ̀.

"Òsì yìí la fẹ́ gbà sílẹ̀," ló sọ.

"Ọ̀tún ńkọ́, mà?"

"Ọ̀tún ti tín jù, ó sì ti ní àpá láàárín. A máa wá lẹ́ǹsì fún un. Àmọ́ òsì yìí, tí ẹ bá jẹ́ ká tètè dá a dúró, ẹ máa lò ó títí dọjọ́ alẹ́."

Ó wá ṣàlàyé cross-linking fún mi, ó sì fara balẹ̀ ṣe é. Okùn tín-ín-tìn-ìn-tín ni kọ́lájìn tó wà nínú kọ́níà, wọ́n tò léra wọn, ohun kan sì so wọ́n pọ̀. Lójú ẹni tó ní keratoconus, ohun tó so wọ́n pọ̀ yẹn kò lágbára tó. Bí èèyàn ṣe ń dàgbà, ara fúnra rẹ̀ máa ń fi kún un, ìdí nìyẹn tí kọ́níà àgbàlagbà fi máa ń le ju ti ọmọdé lọ. Ohun tí cross-linking ń ṣe ni pé ó ń mú ohun tí ara ì bá fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe wá sáàárín wákàtí kan. Wọ́n á kán riboflavin, ìyẹn fítámì B2, sójú títí kọ́níà á fi mu ún yó, wọ́n á wá tan ìtànṣán UV-A, irú ìtànṣán kan tó wà nínú oòrùn, sí i. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá ti bá fítámì náà pàdé níbi tí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn wà, ìdè tuntun á bẹ̀rẹ̀ sí í so láàárín àwọn okùn náà. Ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Dresden ní ilẹ̀ Jámánì ni Theo Seiler, Eberhard Spoerl àti Gregor Wollensak ti ṣiṣẹ́ lé e lórí, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ lára àwọn aláìsàn jáde lọ́dún 2003. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i lọ́dún 2016. Òfin kan wà nínú rẹ̀ tó kan ojú ọ̀tún mi: kọ́níà gbọ́dọ̀ tó 400 maikrómítà nínípọn kí wọ́n tó tan ìmọ́lẹ̀ sí i, kí ìtànṣán náà má baà dé ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, àwọn tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti kú, òmíràn kì í hù. Oògùn kan wà tó lè mú kí kọ́níà tó tín díẹ̀ wú kó tó nǹkan tó yẹ. Ṣùgbọ́n àpá tó ti wà láàárín ojú ọ̀tún mi, kò sí ìmọ́lẹ̀ tó lè pa á rẹ́.

Mi ò ní kọ iye tó ná mi síbí, torí pé owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n fi ń ra oògùn yẹn àti ẹ̀rọ rẹ̀, iye tí mo bá kọ lónìí lè dirọ́ lọ́la. Owó ńlá ni. Ètò ìlera tí ilé iṣẹ́ mi san fún kò gbà láti dá sí i. Bọ̀ọ̀dá mi ní kí n tọ́jú owó náà, kí n dúró títí ojú á fi burú gan-an, kí n wá lọ ṣe èyí tó máa là á ní Íńdíà. Àǹtí wa tó ti Mẹ́kà dé fún mi ní omi Zamzam. Mo fi àdúrà mu ún, mi ò fi bọjú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá mi lọ̀rọ̀ wà. Léèsì ni wọ́n ń tà ní Balógun, àjọ tí wọ́n ń dá nìkan ló sì lè gbé owó náà.

"Àdùkẹ́, ṣé wàá ju gíláàsì nù lẹ́yìn ẹ̀?"

"Rárá, Màámi."

"Ṣé lẹ́tà ò ní di méjì mọ́?"

"Ó ṣeé ṣe kó ṣì máa di méjì, mà."

"Kí wá la fẹ́ rà níbẹ̀?"

Ìbéèrè tó dáa ni, inú mi ò sì dùn nígbà yẹn torí pé mi ò ní ìdáhùn tó lè tẹ́ ẹni tó ń tajà lọ́rùn. Ọjà tí èèyàn bá rà, ó yẹ kó lè nawọ́ sí i. Mo padà lọ sọ́dọ̀ dókítà, mo ní kó tẹ àwòrán ojú òsì mi sórí ìwé fún mi, ti ìgbà tí mo kọ́kọ́ wá àti èyí tó yà ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyá mi palẹ̀ léèsì mọ́ lórí káńtà, wọ́n tẹ́ ìwé méjèèjì síbẹ̀, wọ́n fa tépù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ yọ lọ́rùn, wọ́n wọn ibi pupa tó wà lórí àkọ́kọ́, wọ́n wọn ti èkejì. Wọ́n tún un wọ̀n. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì ní kí oníbàárà tó ń dúró ní sùúrù. Wọ́n wá ní, "Aṣọ tó ti ń tú létí, ẹni tó bá ní òun máa dúró dìgbà tó bá tú tán, kí ló fẹ́ rí rán?" Wọ́n bọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n pe ìyá alájọ.

Látìgbà yẹn, èmi náà kì í ṣàlàyé ìtọ́jú yìí fún ẹnikẹ́ni mọ́ láìfi àwòrán méjì hàn án. Ẹni tó ní òun ò rí ohun tó ń burú sí i, ẹ jẹ́ kó rí i.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, wọn ò gún mi lábẹ́rẹ́. Oògùn tó ń pa ìmọ̀lára ni wọ́n kán sí mi lójú títí mi ò fi mọ̀ ọ́n lára mọ́, wọ́n fi irin kékeré kan la ìpéǹpéjú mi kí n má lè ṣẹ́jú. Mo gbọ́ tí dókítà sọ pé kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ ká tó bẹ̀rẹ̀, kí iná má lọ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó ha awọ òkè kọ́níà kúrò, nǹkan bíi mílímítà mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án láàárín. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń kọjá, mi ò mọ ìrora kankan. Oògùn ìyeyè náà ló kàn. Wọ́n ń kán an léraléra fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, òrùlé yàrá di ìyeyè, nọ́ọ̀sì tó dúró tì mí náà di ìyeyè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé iná aláwọ̀ búlúù sókè ojú mi, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú míì. Ní àwọn ọsibítù kan, iná tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lò, á sì yá ju bẹ́ẹ̀ lọ; ti Dresden ti àtijọ́ ni wọ́n ṣe fún mi. Dókítà ń bá mi sọ̀rọ̀, ó ń ka ìṣẹ́jú tó kù fún mi. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n fi lẹ́ǹsì rírọ̀ kan bo ojú náà kí awọ tuntun lè hù lábẹ́ rẹ̀.

Ìrora dé lálẹ́. Mi ò ní bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ti ṣe é ló máa ń sọ pé kò le: ó le. Ojú náà ń ta, omi ń dà lójú méjèèjì, imú ń ṣàn, ìmọ́lẹ̀ fóònù lásán ń gún mi. Ìyá mi ta aṣọ dúdú bo fèrèsé, wọ́n sì lé gbogbo ọmọ kúrò ní pálọ̀. Dókítà ti kìlọ̀ pé omi ò gbọ́dọ̀ kan ojú náà, ó sì ń dùn mí pé mi ò lè ṣe àlùwàlá. Ìyá mi bi Àfáà àdúgbò wa léèrè. Wọ́n ní ẹni tí omi máa pa lára, tayámúmù wà fún un, kí n fọkàn balẹ̀ kírun mi. Ìtura tí ọ̀rọ̀ yẹn fún mi kò kéré sí ti oògùn ìrora. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí awọ tuntun ti hù, wọ́n yọ lẹ́ǹsì náà. Oògùn tó ń pa kòkòrò ni mò ń kán, àti sítẹ́rọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ ni, sítẹ́rọ́ọ̀dù kan náà tó ń ṣe ìkà lọ́wọ́ kẹ́mísì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wọ́n ní ọjọ́ tó máa parí, wọ́n sì ń wọn ipá inú ojú mi ní gbogbo ìgbà tí mo bá lọ.

Mo bẹ ẹni tó bá fẹ́ ṣe é pé kó mọ èyí kó tó wọlé: ojú máa kọ́kọ́ burú sí i. Kùrukùru bo ojú òsì mi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mi ò lè fi ka ìwé, ẹ̀rù sì ń bà mí pé mo ti fi owó àjọ ìyá mi ra ìfọ́jú. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ká kúrò. Ó pé bí oṣù mẹ́ta kí ojú náà tó padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Àwọn ewu míì wà tí dókítà gbọ́dọ̀ sọ fún yín: kòkòrò lè wọ ojú náà kí awọ tó hù, àpá lè kù síbẹ̀, àwọn díẹ̀ sì wà tí àìsàn náà ò dúró lójú wọn, tó di pé wọ́n tún un ṣe. Àmọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ ló ń dúró lójú wọn. Lára àwòrán tí wọ́n ya fún mi lẹ́yìn ọdún kan, ibi pupa náà kò fẹ̀ sí i. Ó tilẹ̀ lọlẹ̀ díẹ̀, kò tó dioptre kan, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka nọ́ńbà gíláàsì. Ìyá mi tún fi tépù wọ̀n ọ́n.

Ojú ọ̀tún, lẹ́ǹsì ló ń lò, scleral lens, èyí tó fẹ̀, tó le, tí etí rẹ̀ máa ń jókòó sórí funfun ojú, tí kò sì kan kọ́níà rárá. Omi iyọ̀ tí kò ní kòkòrò ni mo máa ń rọ kún inú rẹ̀ kí n tó fi í sójú, omi náà ló ń dí gbogbo ibi tí kò dọ́gba. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi í sí mi lójú, mo mú ìwé kan tí mò ń kà lọ́wọ́ jáde nínú báàgì. Ẹ, pẹ̀lú àmì kan ṣoṣo nísàlẹ̀. Mo sunkún níwájú wọn, ojú ò tì mí. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi í sùn, mi ò lè fi omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́, ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti ń ṣe é, ọjọ́ tó bá fọ́, iṣẹ́ mi ti dúró nìyẹn. Tí ojú ọ̀tún bá burú ju ohun tí lẹ́ǹsì lè gbé lọ, kọ́níà ẹni tó ti kú ni wọ́n máa wá kiri láti fi rọ́pò rẹ̀. Dókítà Eduard Zirm ti ṣe irú rẹ̀ ní àṣeyọrí láti ọdún 1905, kì í ṣe idán. Ohun tó ṣòro níbí ni kọ́níà fúnra rẹ̀, torí pé ìdílé mélòó ló máa gbà kí wọ́n fọwọ́ kan ojú òkú wọn? Mi ò lè bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Mo kàn mọ̀ pé mi ò fẹ́ kí ojú ẹlòmíì dé ibi tó máa nílò rẹ̀, nígbà tí ohun tó lè dá a dúró ti wà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀: dókítà ojú ni kẹ́ ẹ rí. Guinness Eye Centre wà nínú LUTH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Èkó, ní Ìdí-Àràbà, àwọn ọsibítù ojú aládàáni náà sì wà káàkiri Èkó. Ẹ fẹnu ara yín béèrè fún corneal topography, ìyẹn àwòrán kọ́níà, ẹ sọ pé nọ́ńbà gíláàsì ń yí padà, ẹ kó gbogbo ìwé nọ́ńbà àtijọ́ dání. Ẹni tó bá ń lo lẹ́ǹsì á ní láti yọ ọ́ fún ìgbà tí wọ́n bá ní kó yọ ọ́ kí wọ́n tó ya àwòrán, torí lẹ́ǹsì máa ń tẹ kọ́níà. Kí ẹ sì gba ẹ̀dà àwòrán náà, kó wà lọ́wọ́ yín.

Dókítà ti sọ pé kí àwọn ọmọ ìyá mi wá ṣe àyẹ̀wò. Bọ̀ọ̀dá mi lọ, nǹkan kan ò ṣe é. Àbúrò mi tó ń fi kókó ọwọ́ ra ojú, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ti ní àmì pupa kékeré lójú méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ó ń ka pátákó kíláàsì láìwọ gíláàsì. Fún àgbàlagbà, wọ́n sábà máa ń dúró ya àwòrán kejì kí wọ́n lè rí i dájú pé ó ń burú sí i. Dókítà ní lójú ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀, àìsàn náà máa ń sáré, òun ò ní fẹ́ dúró. Ẹ́lájì rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú báyìí, torí pé ẹni tó bá ṣì ń ra ojú, awọ tuntun ò ní ráyè hù dáadáa, ohun tí wọ́n bá sì ṣe lè tún bà jẹ́. Oògùn ń lọ láàárọ̀ àti lálẹ́, ìyá mi ló ń kán an fúnra wọn, wọ́n sì ti ń dá àjọ míì. Tó bá parí ìdánwò tó fẹ́ ṣe nílé ẹ̀kọ́, ojú ọ̀tún ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe. Tí ìyẹn bá ti jinná, wọ́n á ṣe òsì.